Èkúté àti Pákó Ìbejì Inú Yàrá Abẹ́ Ilẹ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí pákó ṣì ń fọhùn tí ayùn sì ń gbọ́ àsọyé, gbogbo pákó ìdí ògiri, èyí tí wọ́n ń kàn mọ́ ẹsẹ̀ ògiri yíká yàrá, ló ní orí tó gún régé bí orí bíríkì. Bí méjì bá pàdé ní igun yàrá, ọ̀kan á dúró síwájú, èkejì á fi orí pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀.

Ní àkókò náà, Òkété kọ́ ilé sí abẹ́ ilẹ̀. Níbo ni ì bá tún kọ́ ọ sí? Ó rẹ́ ògiri, ó kùn ún lẹ́fun, ó wá ku igun kan tó lanu sílẹ̀. Inú ihò igun yìí ni Èkúté ń gbé láìgbàyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ló ń gbà jáde lọ jí ẹ̀pà Òkété, ibẹ̀ náà ló sì ń sá padà sí.

Àmọ́ Òkété fẹ́ gbéyàwó. Ọ̀yà, bàbá ìyàwó, ti sọ ojú abẹ níkòó fún un: "N ò ní fi ọmọ mi fún ẹni tí igun ilé rẹ̀ lanu."

Bí Òkété ṣe gbé pákó pẹlẹbẹ kan wálé láti fi dí igun náà nìyẹn. Kì í ṣe ìrókò o. Lẹ́búlẹ́bú igi ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù pò, tí wọ́n tẹ̀ títí tó fi le. Òkété là á sí méjì. Èyí tó kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu ayùn, ó sọ ọ́ ní Táyé. Èyí tó tẹ̀lé e, ó sọ ọ́ ní Kẹ́hìndé.

Àyà Èkúté já. Ó mọ̀ pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́, áḿbọ̀sì Èkúté. Ó yọ́ tọ Táyé lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ délé ayé?"

"Èmi ni," ni Táyé wí, ó ń ṣe fújà.

"Kí ló wá dé tí Kẹ́hìndé fi ní ẹ̀yìn òun lẹ máa forí pamọ́ sí? Ó tiẹ̀ ní lẹ́búlẹ́bú lásán ni yín, pé bí omi bá ta sí yín lára, ẹ ó wú bí àkàrà inú epo."

"Òun ńkọ́? Ṣé irin ni wọ́n fi ṣe òun ni?"

Èkúté ti sáré dé ọ̀dọ̀ Kẹ́hìndé. "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló rán Táyé pé kó lọ tọ́ ayé wò?"

"Èmi ni. Èmi sì ni àgbà."

"Ẹ kúkú sọ fún un. Ó ní bí ẹ ò bá forí pamọ́ sẹ́yìn òun, òun á ní kí Òkété gé orí yín."

Nígbà tí Òkété gbé wọn dé igun, ariwo ta. Táyé ní òun ò ní dúró sẹ́yìn àbúrò. Kẹ́hìndé ní ẹni tí òun rán níṣẹ́ ò lè dúró níwájú òun. Bí Òkété ti ń tì wọ́n sí igun, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fà sẹ́yìn. Àwọn àna sì ti ń bọ̀ lọ́nà.

Èkúté rẹ́rìn-ín títí ó fi di inú mú. Ì bá dákẹ́ síbẹ̀, àmọ́ ẹnu òfòrò ní ń pa òfòrò. Ó sín Táyé jẹ láti inú ihò: "Gé orí Kẹ́hìndé!" Ó tún sín Kẹ́hìndé jẹ: "Gé orí Táyé!"

"Ó dáa!" ni Òkété fi ìbínú ké. "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ bẹ̀ mí!"

Ó tò wọ́n lérí ara wọn, ó fa ayùn. Ọwọ́ ìbínú kì í tọ́. Ayùn rìn dàgẹ̀rẹ̀, orí àwọn méjèèjì gùn lápá kan, ó kúrú lápá kejì.

Àwọn ìbejì bú sẹ́kún. Wọ́n ṣubú sí igun, orí wọn sì fara ti ara wọn. Àṣé ibi tí ọ̀kan kúrú sí ni èkejì kúrú sí. Wọ́n bára mu pẹ́kípẹ́kí.

Táyé la ojú. "Ta ló wà níwájú?"

"Kò sí," ni Kẹ́hìndé dáhùn.

"Ta ló wà lẹ́yìn?"

"Kò sí náà." Kẹ́hìndé wá bi í pé, "Ṣé lóòótọ́ lo ní kí wọ́n gé orí mi?"

"Èmi kọ́! Mo ṣebí ìwọ lo ní kí wọ́n gé tèmi! Inú ihò Èkúté ni ohùn yẹn ti jáde!"

Àwọn méjèèjì kọjú sí ihò. "Òkété, gọ́ọ̀mù dà?"

Èkúté fò jáde kí gọ́ọ̀mù tó kan irùngbọ̀n rẹ̀. Òkété lẹ orí mọ́ orí, ó gbá ìṣó wọlé. Nígbà tí Èkúté bojú wẹ̀yìn, ilé ti dí. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ti ìlẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ síta.

Láti ọjọ́ náà ni pákó ìdí ògiri ti ń gé orí dàgẹ̀rẹ̀ kó tó pàdé èkejì rẹ̀ ní igun yàrá, kí ẹnikẹ́ni má bàa jẹ́ àgbà. Bí ẹ bá sì gbọ́ kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ níbẹ̀, ẹ má bẹ̀rù. Èkúté ni. Ó ń bẹ àwọn ìbejì pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n tún jà díẹ̀.