Ilé Tó Ń Rìn àti Ọmọ Tó Ń Kúnlẹ̀

Ọkùnrin kan wà ní Òkè Ògùn láyé ọjọ́un, nígbà tí ọ̀nà ibẹ̀ ṣì jẹ́ erùpẹ̀ pupa láti ìlú dé ìlú, tó jẹ́ pé inú bọ́ọ̀sì ni òun àti ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé. Má rẹ́rìn-ín. Ilé ni bọ́ọ̀sì náà, ilé gidi. Ó ní ibùsùn, ó ní ibi ìdáná, ó ní kọ́tìnnì lójú fèrèsé.

Iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni títún ẹ̀rọ ọlọ ṣe, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata àti àgbàdo àti èlùbọ́. Gbogbo ìletò ló ní ọ̀kan nígbà yẹn, gbogbo wọn ló sì ń bàjẹ́. Tó bá ti kúrò nílé, ó máa ń pẹ́ gan-an kó tó padà. Ó wọlé lọ́jọ́ kan, ó na ọwọ́ sí ọmọbìnrin rẹ̀ tó kéré jù, Àwẹ̀ró, ọmọ náà bú sẹ́kún, ó sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Kò dá bàbá rẹ̀ mọ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dun ọkùnrin yìí dé eegun. Kò pẹ́ sí i ló ra bọ́ọ̀sì ògbólógbòó kan tí ilé ẹ̀kọ́ kan ti pa tì, ó ní ibikíbi tí òun bá ń lọ, ilé òun á máa bá òun lọ.

Áà, ayé ìgbà yẹn dùn! Ó tú gbogbo àga inú bọ́ọ̀sì náà kúrò. Ó kan bẹ́ẹ̀dì sí ẹ̀yìn, ó ṣe kọ́bọ́ọ̀dù fún àwo, ó gbé sítóòfù kẹrosínì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ìyàwó rẹ̀ tẹ́ ẹní sáàárín. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á gbé ọkọ̀ dúró sábẹ́ igi ní ìletò tí wọ́n bá dé, obìnrin náà á dáná, òórùn ọbẹ̀ á gba àdúgbò, àwọn ọmọ ìletò á wá máa yọjú wo ilé tó ní táyà. Ọkùnrin náà á fọ ọ́ìlì kúrò lọ́wọ́, á jókòó sórí àtẹ̀gùn ọkọ̀, Àwẹ̀ró á sì sùn lọ lórí itan rẹ̀. Títí tó fi darúgbó, tó bá ti sọ̀rọ̀ débẹ̀ yẹn, ohùn rẹ̀ máa ń yí padà.

Àṣìṣe kan wà níbẹ̀ látilẹ̀ ṣá o. Ọkùnrin náà gbà pé nígbà tí bọ́ọ̀sì ti di ilé, a ò nílò àga ọkọ̀ mọ́. Ta ló ń de ọmọ mọ́ àga nínú ilé? Bí ọkọ̀ bá ń lọ, àwọn ọmọ á máa ta kìtì lórí ẹní, wọ́n á máa sáré láti iwájú dé ẹ̀yìn, bàbá wọn á máa fi ẹ̀rín wakọ̀. Lọ́jọ́ kan wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè kan, ìkòkò ọbẹ̀ fò, àpótí irinṣẹ́ sì yọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ orí ọmọ kejì kọjá, díẹ̀ báyìí ló kù. Ìyàwó rẹ̀ kígbe pé kó dúró. Ó dúró. Obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ní òun ò wọkọ̀ mọ́.

"Bàbá Àlàmú," ó ní, nítorí Àlàmú lorúkọ àkọ́bí wọn, "tó bá dúró, ilé ni. Tó bá ti ń lọ, ọkọ̀ ni. Ẹ wá ibi tí àwọn ọmọ mi á jókòó sí."

Ọkùnrin náà rojọ́ títí, obìnrin náà ò dìde níbi tó jókòó sí. Nígbà tó sú u, ó ṣèlérí. Bí wọ́n ṣe dé ìlú, ọ̀dọ̀ wẹ́dà tó ń jó irin ló kọ́kọ́ lọ. Wọ́n dá àga padà sẹ́yìn dírẹ́bà, ti àwọn ọmọ níwájú, ti ìyá wọn àti ti àlejò lẹ́yìn wọn, wọ́n sì fi bóòtù dè é mọ́ irin abẹ́ ọkọ̀ gan-an, kì í ṣe mọ́ pákó. Wọ́n wá bẹ́líìtì tó ba ọmọdé mu. Àga Àwẹ̀ró yàtọ̀, ó kéré, ó ní apá lọ́tùn-ún lósì kó má baà yọ̀ bọ́. Àpótí irinṣẹ́ wọnú pẹpẹ irin tó ní ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́. Òfin tí obìnrin náà ṣe ò gùn: tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń dún, ìdí ọmọ kankan ò gbọdọ̀ kúrò lórí àga.

Àwọn ọmọ sunkún, wọ́n kùn, nígbà tó yá ó mọ́ wọn lára. Ìyá wọn á máa pa àlọ́ fún wọn láti ẹ̀yìn, wọ́n á máa gbe orin rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí òkè àpáta níwájú á pariwo, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni tó kọ́kọ́ rí i. Bàbá wọn á gbójú sókè wo díńgí, á rí orí àwọn ọmọ rẹ̀ tó tò, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Ó ní òun ò tíì gbádùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé òun.

Ìwọ náà kúkú mọ àwọn èèyàn wa. Bí bọ́ọ̀sì yìí ṣe ń di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í dá a dúró lójú ọ̀nà, kó gbé wọn dé oko tàbí ọjà. Inú ọkùnrin náà ń dùn láti gbé wọn. Àgbà á wọlé, àwọn ọmọ á jókòó nínú bẹ́líìtì wọn, wọ́n á ní, "Ẹ káàárọ̀ mà," láti orí àga. Lọ́jọ́ kan ìyá àgbà kan wò wọ́n láti òkè délẹ̀, ó wá yíjú sí bàbá wọn.

"Ṣé àwọn ọmọ tìẹ ló jókòó kalẹ̀ kí àgbà báyìí? Ẹ ò kọ́ wọn nílé ni, àbí ilé gan-an ni ò sí?"

Háà! Ọ̀rọ̀ yẹn gún un lọ́kàn. Ó ti ń gbọ́ ọ lẹ́yìn tẹ́lẹ̀ pé aláìnílé ni òun, pé ojú títì lòun ti ń tọ́ ọmọ. Nínú ilé tí wọ́n ti bí i, àgbà ò lè wọlé kí ọmọ máa jókòó wò ó. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ. "Tí àgbà bá ti wọlé," ó ní, "ẹ tú bẹ́líìtì yín, ẹ kí wọn bó ṣe yẹ, kí ẹ tó padà jókòó. Mi ò fẹ́ ìtìjú mọ́."

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Kí ọkọ̀ wà ní ìdúró o."

"Kí lo rò? Á dúró."

Ó ń dúró lóòótọ́, níbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń pè é, oòrùn sì ń lọ. Àgbà ò ní tíì jókòó tán tí ọkùnrin náà á ti fi ọkọ̀ sí jíà. Báyìí ni àwọn ọmọ ṣe ń kí èèyàn nígbà tí táyà ti ń yí. Kò sì sí ohun tó ṣe wọ́n. Àwọn àgbà ń gbàdúrà lé wọn lórí, wọ́n ń ní ọmọ tó gbẹ̀kọ́ nìyí, orí bàbá wọn ń wú. Ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́, sọ ọ́, ó sú u. Àwọn ọmọ náà ò kúkú gọ̀. Wọ́n ti rí i pé bẹ́líìtì tó ṣeé tú nítorí àgbà, ó ṣeé tú nítorí omi mímu, ó sì ṣeé tú nítorí labalábá tó bá gba ojú fèrèsé wọlé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ń lọ sí ìletò kan lẹ́yìn Ìgbòho. Baálẹ̀ ìletò náà fúnra rẹ̀, bàbá arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn, dá wọn dúró lójú ọ̀nà oko. Wọ́n fi àga lọ baba, ọkọ̀ gbéra. Àwọn ọmọkùnrin méjèèjì ti yára dọ̀bálẹ̀, wọ́n ti padà sáyè wọn, wọ́n ti de bẹ́líìtì wọn. Ti Àwẹ̀ró le díẹ̀, òun ló gbẹ́yìn. Ó tú u, ó bọ́ sáàárín ọkọ̀, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó la ẹnu.

Àgbò kan já sójú ọ̀nà. Bàbá rẹ̀ tẹ bíréèkì.

Kò sí ẹlòmíì tó kúrò níbi tó wà. Bẹ́líìtì mú àwọn ọmọkùnrin dúró, Baálẹ̀ di irin àga iwájú mú. Àwẹ̀ró nìkan ló fò, ó fò bí ìgbà tí èèyàn ju ìrọ̀rí, ó lọ fi orí àti apá lu irin ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Kò ké. Ìyá rẹ̀ ló ké.

Mi ò ní sọ fún ọ bí wọ́n ṣe dé ilé ìwòsàn. Apá ọmọ náà ti kán, ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀, kò sì lajú. Nọ́ọ̀sì lé wọn jáde, ó ní kí wọ́n lọ máa gbàdúrà níta. Ìyá ọmọ káwọ́ lérí. Bàbá ọmọ ò mọ ibi tó máa dúró sí. O mọ ohun tó ṣe? Ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún Baálẹ̀ nínú erùpẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Baba, ẹ má bínú, ẹ má bínú pé irú èyí ṣẹlẹ̀ níwájú yín." Àbí o ò rí nǹkan! Ọmọ rẹ̀ wà láàárín ikú àti ìyè, ojú àgbà ló ṣì ń wò.

Baálẹ̀ na ọ̀pá sí i. "Dìde níbẹ̀ yẹn," ó ní. "Ta ló ní kí ọmọ kúnlẹ̀ fún mi nínú ọkọ̀ tó ń sáré? Wọ́n ti ń kúnlẹ̀ fún mi kí wọ́n tó bí ọ. Kí ni mo rí jẹ níbẹ̀? Ọmọ tó máa dàgbà ni mo fẹ́ rí." Omi ń bọ́ lójú baba bó ṣe ń sọ ọ́.

Ọ̀sán ti pọ́n kí Àwẹ̀ró tó lajú. Bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ọmọ náà wo bàbá rẹ̀, ó wo Baálẹ̀ tó dúró lẹ́yìn bàbá rẹ̀, ó wá fẹ́ fi apá kan tó kù gbé ara rẹ̀ dìde.

"Ẹ má nà mí o, bàbá mi," ó ní. "Mi ò tíì kí wọn tán ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló fọ́ ọkùnrin náà. Ó jáde, ó lọ sẹ́yìn ilé ìwòsàn, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Wọn ò ta bọ́ọ̀sì náà. Ìyàwó rẹ̀ ò sì sọ pé, "Ṣebí mo sọ bẹ́ẹ̀," kò sọ ọ́ títí ayé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn, àgbà yòówù kó wọlé, ọkùnrin náà á ti yíjú padà: "Ẹ jókòó, mà. Àwọn ọmọ á kí yín tí a bá dé." Ó bí àwọn kan nínú. Obìnrin kan tiẹ̀ gbé agbọ̀n rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní òun á fi ẹsẹ̀ òun rìn. Ọkùnrin náà ní kó rọra máa lọ, ó wakọ̀ rẹ̀ lọ. Wọ́n pè é ní agbéraga, ó gbọ́, kò sì yí ọ̀rọ̀ padà. Tí ọkọ̀ bá wá dúró, tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, àwọn ọmọkùnrin á dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú eruku, Àwẹ̀ró á kúnlẹ̀ tòun ti apá rẹ̀ tí kò nà tán mọ́, wọ́n á sì kí àgbà náà débi tí ojú á fi tì í.

Bọ́ọ̀sì náà ò rìn mọ́ báyìí. Adìẹ ló ń yé sínú rẹ̀. Ìyàwó ọkùnrin náà ti lọ sọ́run, àwọn ọmọ ti di ìyá ọmọ àti bàbá ọmọ, kálukú wà níbi iṣẹ́ rẹ̀. Bàbá yẹn ṣì máa ń wọnú rẹ̀ lọ jókòó nírọ̀lẹ́. Wọ́n bi í pé kí ló ń wá níbẹ̀. Ó ní òun ò ṣàárò ọjọ́ tí àwọn èèyàn yin òun, òun ò tiẹ̀ rántí ẹni tó yin òun mọ́. Ó ní àwọn ọjọ́ tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ ni òun ń ṣàárò: ọ̀nà tó gùn, eruku, ọmọ tó jókòó sáyè rẹ̀ tó ń ráhùn pé, "Ṣé a ò tíì dé ni?" Ó ní ká ní wọ́n lè dá ọ̀kan ṣoṣo nínú irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ padà fún òun, òun ò ní bèèrè nǹkan míì.

Ó yá, ìwọ tí mo ń sọ èyí fún. Mo rí ọ lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Ọkọ̀ náà dára, Ọlọ́run á jẹ́ kó o lò ó pẹ́. O rí mi lẹ́bàá ọ̀nà, o tú bẹ́líìtì ọmọ rẹ kó dúró láàárín àga méjì, kó yọrí síta kó kí mi. Ó kí mi, ohùn rẹ̀ dùn, àyà mi sì já. Ìwọ lo mọ ohun tó ń dá ẹ̀mí ọmọ náà sí, ìwọ náà lo tú u, kí èmi lè sọ pé o bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́. Bó o ṣe máa ń ṣe gbogbo nǹkan rẹ nìyẹn, kì í ṣe nínú ọkọ̀ nìkan: o ń fi ọwọ́ ara rẹ ṣòfin tó dáa nínú ilé rẹ, àlejò á wò ọ́ lójú lẹ́ẹ̀kan, o ti tú u. Àlejò máa sọ̀ kalẹ̀ ní oríta, á bá tiẹ̀ lọ. Ìwọ lo máa gbé ọmọ rẹ délé.

Tó o bá tún rí mi lójú ọ̀nà, má dúró, má fọn fèrè. Jẹ́ kó jókòó. Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ mi, kó sọ̀ kalẹ̀ wá kí mi. Mo máa dúró dè é.