Ìka tí Onígìtá Fi Pamọ́

Ọkùnrin kan wà tó ń lu gìtá béèsì, gìtá olóhùn ìsàlẹ̀, fún àwọn tó ń kọ sóòlù, orin àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà. Kò ní ẹgbẹ́ tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gba orin sílẹ̀ ní Yàbá ni í ránṣẹ́ pè é, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kì í yẹ̀. Ogún ọdún ló fi ṣe é. Orúkọ rẹ̀ kì í sí lára àwo orin.

Lọ́dún kan, ọmọńdinrín ọwọ́ òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Kò pẹ́, ìka tó tẹ̀lé e náà bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Bí wọ́n bá gbọ́, ta ni yóò tún pè mí?" Kò sọ fún ìyàwó rẹ̀ pàápàá. Ó ń fi omi gbígbóná jó ọwọ́ láàárọ̀.

Ọjọ́ kan ni wọ́n ń gba orin obìnrin kan sílẹ̀, ni ìka rẹ̀ bá yọ̀ kúrò lórí okùn. Gìtá dákẹ́. Gbogbo wọn dúró.

Ó ní, "Okùn ló tú."

Onílù, àgbàlagbà tí wọ́n jọ máa ń gba orin sílẹ̀, gbé igi ìlù sílẹ̀. Ó ní, "Àkànní, ọwọ́ ńkọ́?"

"Ọwọ́ wo?"

"Èyí tó ń ṣe ọ́. Láti ọdún tó kọjá la ti mọ̀. O ò rí i pé orin wa ń falẹ̀ sí i? Ìwọ là ń dúró dè."

Obìnrin olórin náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo ní kí wọ́n yí ohùn orin tòní padà, kí ọwọ́ yín má baà nà jù. Ẹ̀rù ló bà wá láti bi yín."

Ọkùnrin náà bú sẹ́kún.

Dókítà tí wọ́n mú un lọ bá sọ pé iṣan kan ló há ní ìgúnpá rẹ̀. Ó ní ká ní ó tètè wá ni, ìka méjèèjì ni ìbá yè. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ọ̀kan padà, ọmọńdinrín kò padà. Wọ́n ṣì ń pè é, ṣùgbọ́n kò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀.

Ìwọ tí mo ń bá sọ̀rọ̀, ohun kan wà tí ò ń fi pamọ́ fún àwọn ará ilé rẹ. O rò pé wọn kò mọ̀. Wò wọ́n dáadáa: wọ́n ti ń rọra rìn nítorí rẹ. Ìwọ ń bẹ̀rù wọn, àwọn náà ń bẹ̀rù rẹ, àrùn sì ń ráyè láàárín yín. Lọ sọ ọ́ lónìí. Àrùn kò ní dúró dè ọ́.