Òkú Tó Ń Dúró De Dókítà

Ta ló kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà pé ìyá ọkọ mi ti kú? Títí dòní, n kò mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ tí mo gbé ìyá ọkọ mi, Ìyá Ṣówándé, lọ sí ọ́sibítù, àyà ń fún wọn, ọwọ́ òsì wọn wúwo, akọ̀wé tó ń yẹ káàdì inṣọ́ránsì wò sì jókòó dí ẹnu ọ̀nà dókítà. "Màmá, ẹ ti kú láti ọdún tó kọjá. Ẹ lọ gba ìwé wá l'Ábújá pé ẹ wà láàyè." Ìyá fi gèlè wọn ṣe ìrọ̀rí, wọ́n nà gbalaja sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n dijú. "Ó dáa, ọmọ mi, mo ti kú. Ṣebí dókítà gbọ́dọ̀ yẹ òkú wò, kó fọwọ́ sí ìwé ikú, kí wọ́n tó gbé e kúrò l'ọ́sibítù? Mo ń dúró." Àwọn aláìsàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan pariwo pé, "Akọ̀wé, wá gbé òkú ẹ o!" Akọ̀wé sáré lọ pe dókítà kó wá bá òun lé Ìyá jáde. Dókítà gbé ẹ̀rọ lé wọn láyà, ó ní kí wọ́n gbé Ìyá wọlé kíákíá. Ìyá la ojú kan: "Akọ̀wé, bá òkú mú bàtà ẹ̀ dání." Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, níbi tí mo ti lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọ mi kejì, ni nọ́ọ̀sì kan tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ti ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé ká ní a padà sílé lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ akọ̀wé ì bá ṣẹ kí ilẹ̀ tó ṣú.