Gílóòbù Tí Ọ̀kẹ́rẹ́ Fi Ẹfun Kùn

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ṣé ẹ ò tíì jẹun ni? Ẹ jẹ́ kí ojúlé kejì gbọ́. Mo ní, àlọ́ o!

Àlọ̀ ọ́!

Ẹ̀n-ẹ́n, ẹ ti jẹun. Àlọ́ mi gun ògiri, ó gba orí àjà kọjá, kò jábọ́. Ó wá bà lé Ọ̀kẹ́rẹ́ olójúkòkòrò lórí, ó sì bà lé Ọmọ́ńlé, abiyamọ ara ògiri. Ìbídàpọ̀, dìde níbẹ̀ yẹn, jẹ́ kí Bàbá Moróunkéjì rí ibi na ẹsẹ̀ sí. Àgbà kì í ká ẹsẹ̀ kò láti gbọ́ àlọ́.

Ní ìgbà kan rí, ní ìlú àwọn ẹranko, Erin kọ́ ilé ńlá kan sí àárín ọjà. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ṣọ́ọ̀bù ló kún inú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè. Àgbò ń ta àwo níbẹ̀. Ewúrẹ́ ń ránṣọ. Adìẹ ń ta ànkàrá. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, Erin á ní kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìnkùlé, gbogbo gílóòbù inú ilé á sì tàn yòò.

Gílóòbù ayé àtijọ́ ni wọ́n o, àwọn tí iná wọn pọ́n, tí wọ́n máa ń gbóná débi pé kòkòrò tó bá fara kàn wọ́n ti kú nìyẹn. Epo ni wọ́n sì ń mu! Ẹ́ńjìnnì á máa kérora, "hùn-ùn, hùn-ùn," bí ẹni tó ru ẹrù tó jù ú lọ. Kò ní í pẹ́ tí epo á fi tán. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù á ṣókùnkùn, oníbàárà á máa táràrà jáde bí afọ́jú. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, ojoojúmọ́.

Ní kọ̀rọ̀ àjà ṣọ́ọ̀bù Adìẹ, lẹ́yìn gílóòbù kan báyìí, ibẹ̀ ni Ọmọ́ńlé ń gbé. Ẹni jẹ́jẹ́ ni. Kò bá ẹnikẹ́ni fa wàhálà. Kòkòrò tó bá wá yí iná ká ló ń jẹ. Kò sì jẹ́ sọ̀ kalẹ̀ rárá, nítorí Adìẹ. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, adìẹ àti ohun tó bá ń rá lára ògiri, ojú tí wọ́n fi ń wo ara wọn kò dáa.

Ọmọ́ńlé ti yé ẹyin rí, ẹyin náà kò dọmọ. Ó sunkún, ó sunkún, ó nu ojú. Ọdún yẹn ló tún yé méjì. Ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri lẹ́yìn gílóòbù, níbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹyin ọmọ́ńlé kì í ṣe ohun tí à ń gbé kiri. Ibi tó bá ti lẹ̀ mọ́, ibẹ̀ náà ló máa wà. Ní ìrọ̀lẹ́, bí iná bá ti tàn, Ọmọ́ńlé á gbé àyà lé ògiri, á máa kọrin fún gílóòbù. Ẹ bá mi gbè é:

Gílóòbù tó gbóná, jọ̀wọ́ rọra,
*Rọra o, rọra.*
Ẹyin mi ń bẹ lẹ́yìn rẹ,
*Rọra o, rọra.*
Má jó wọn o, má fi wọ́n fún òtútù,
*Rọra o, rọra.*
Ọmọ ni mo wá, mi ò wá nǹkan mìíràn,
*Rọra o, rọra.*

Ẹ ṣeun. Ohùn yín tutù bí omi àmù.

Ó ṣe, Erin rìnrìn àjò lọ sí ọ̀nà jíjìn, ó sì rí gílóòbù tuntun níbẹ̀. Iná rẹ̀ funfun. Kì í jóni lọ́wọ́. Epo tí ẹyọ kan nínú ti àtijọ́ ń mu, ọ̀pọ̀ nínú tuntun ló máa mu ún yó. Erin kó wọn bọ̀ wálé nínú páálí, ó pe gbogbo oníṣọ́ọ̀bù jọ.

"Ẹ̀yin ará ilé mi," ni Erin wí, "ìyà òkùnkùn tó gẹ́ẹ́. Gílóòbù rèé tí yóò máa tàn títí ọjà á fi tú. Ta ni yóò bá mi gòkè lọ pààrọ̀ wọn? Bí èmi bá gun àkàbà, ẹ máa wá kó èmi àti àkàbà nílẹ̀ ni."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kẹ́rẹ́ fò síwájú, ìrù rẹ̀ ń gbọ̀n yẹ̀rẹ̀.

"Bàbá, ta lẹ tún ń wá? Ṣebí òkè gígùn niṣẹ́ mi?"

Adìẹ sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sétí Ewúrẹ́ pé, "Ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń kó ẹ̀pà pa mọ́, tí kì í rántí ibi tó kó o sí?"

Erin gbọ́, ó mi orí. "Ẹ jẹ́ kó ṣe é. Ọwọ́ rẹ̀ yá."

Ọwọ́ rẹ̀ yá lóòótọ́! Bí Ọ̀kẹ́rẹ́ ṣe gbé gílóòbù àkọ́kọ́ lọ́wọ́, tó yí i síwá, tó yí i sẹ́yìn, àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Ṣé ẹ mọ ohun tó rò? Ó rò pé inú gílóòbù ni ìmọ́lẹ̀ ń gbé, bí ẹ̀pà ṣe ń gbé inú èèpo rẹ̀. Ó ní, "Bí mo bá kó gbogbo èyí lọ sílé, èmi nìkan ni n ó ní ìmọ́lẹ̀ nílùú yìí. Gbogbo wọn á wá kúnlẹ̀ lẹ́nu ihò mi. Erin pàápàá á kúnlẹ̀, bí kò tiẹ̀ lè dìde mọ́."

Ló bá lọ po ẹfun. Ní ọ̀sán, nígbà tí gílóòbù àtijọ́ ṣì tutù, ó gun òkè, ó fi ẹfun kùn wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí gbogbo wọn fi funfun. Tuntun ńkọ́? Ó kó wọn sápò, ó di inú ihò igi rẹ̀.

Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù Adìẹ, tó ń kun gílóòbù ibẹ̀, ohùn tínrín kan sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Ọ̀kẹ́rẹ́, kí lò ń kùn yẹn? Ṣé Erin kò ní kí o pààrọ̀ rẹ̀ ni?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. Ó wẹ̀yìn, ó rí Ọmọ́ńlé. Ó tún wò, ó rí ẹyin méjì lára ògiri. Ẹ̀rín bọ́ sí i lẹ́nu.

"Áà, Ìyá Ìbejì! Ẹ kú ewu o! Ẹ ò mọ̀ pé nítorí yín ni mo ṣe ń ṣe wàhálà yìí? Gílóòbù tuntun kì í gbóná. Bí mo bá fi í síbí, òtútù ló máa pa àwọn ọmọ yìí. Àánú yín ṣe mí. Èyí tó gbóná ni mo fẹ́ fi sílẹ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fẹ́nìkan o. Bí Erin bá gbọ́, ó máa yọ ọ́."

Ọmọ́ńlé mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò mọ́. Ó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ó wo ẹyin rẹ̀. Ẹni tí ọmọ ti bọ́ mọ́ lọ́wọ́ rí, bí wọ́n bá fi ọmọ dẹ́rù bà á, kí ni kò ní gbà? Ó panu mọ́. Ẹ má yọ ṣùtì sí i o, ẹ̀yin ọmọ yìí. Ìyá ni.

Ilẹ̀ ṣú, wọ́n tan ẹ́ńjìnnì. Iná funfun bolẹ̀! "Iná ọ̀tun dé o!" Ewúrẹ́ jó, Àgbò pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n Erin yí etí ńlá rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé.

"Ọ̀kẹ́rẹ́, ẹ́ńjìnnì yìí ṣì ń kérora."

"Bàbá, ó ti mọ́ ọn lára ni. Ẹni tó ti ń rẹrù láti kékeré, bí wọ́n bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún un, ṣé kò ní kọ́kọ́ máa mí hẹlẹ ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Erin náà rẹ́rìn-ín, ó lọ sùn. Bí epo sì ṣe tún ń tán, Ọ̀kẹ́rẹ́ á ní ẹ́ńjìnnì ló ti gbó.

Ọ̀kẹ́rẹ́ délé, ó wọ inú ihò. Òkùnkùn biribiri. Ó fi èékánná kan gílóòbù kan, kò tàn. Ó kan òmíràn, kò tàn. Ó gbé e sétí, ó mì í. Ó ní, "Áà! Wọn ò tíì pọ́n." Ló bá já ewé, ó fi bò wọ́n mọ́lẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n. Ẹ rọra rẹ́rìn-ín, ẹ má ta Bàbá Moróunkéjì nípàá. Wáyà kò sí nínú ihò igi, ẹ́ńjìnnì kò sí. Ibo ni kí iná ti wá?

Gbogbo ìyẹn ṣì jẹ́ eré. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyí.

Ọdún ń bọ̀, ọjà aṣọ sì gbóná. Nítorí wọ́n ti sọ fún Adìẹ pé gílóòbù tuntun kì í jóni, kò bẹ̀rù mọ́. Ó to ànkàrá lé ànkàrá, ìdì lé ìdì. Ó tò ó kan àjà. Ọmọ́ńlé ń wò ó láti kọ̀rọ̀. Aṣọ ń ga sókè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi fẹnu kan gílóòbù. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n tan iná. Ẹfun ara gílóòbù bẹ̀rẹ̀ sí í sán, ó ń ré bọ́. Òórùn aṣọ jíjó yọ fẹ́ẹ́rẹ́. Èéfín tínrín kan gòkè.

Ọmọ́ńlé dìde dúró. "Bí mo bá pariwo, wọ́n á yọ gílóòbù, òtútù á pa ọmọ mi. Adìẹ á sì rí mi, á ṣá mi jẹ. Bí n ò bá sì pariwo..." Ó fọwọ́ kan ẹyin rẹ̀. Kò lọ́ wọ́ọ́rọ́ mọ́. Ó ti ń jó o lọ́wọ́.

Ni Ọmọ́ńlé, tí kì í sọ̀ kalẹ̀, bá já ara rẹ̀ bọ́ láti orí àjà, pàà, sí iwájú ẹnu Adìẹ gan-an.

"Ẹ pa ẹ́ńjìnnì! Aṣọ yín ń jó! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á!"

Adìẹ ti gbé ẹnu sókè láti ṣá a. Ló bá gbóòórùn. Ló bá gbójú sókè. "Yéè! Ẹ gbà mí o!" Ewúrẹ́ sáré lọ pa ẹ́ńjìnnì. Àgbò fi ìwo fa aṣọ wálẹ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ iná kú. Ìdì ti òkè pátápátá ti lu ihò.

Erin dé pẹ̀lú àtùpà. "Kí ló jó o? Gílóòbù tuntun kì í jó aṣọ."

Ọmọ́ńlé sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti ẹfun, ó sọ ti àpò, ó sì sọ tara rẹ̀. "Mo rí i, mo dákẹ́. Nítorí ẹyin mi ni. Ẹ forí jì mí."

"Irọ́ ni!" Ọ̀kẹ́rẹ́ fò wọlé. "Ta ló ń gba ọ̀rọ̀ ará àjà gbọ́? Tuntun ni mo fi sí gbogbo ilé yìí!"

"Ó dáa," ni Erin wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ tan ẹ́ńjìnnì padà. Ọ̀kẹ́rẹ́, wá di ti ẹnu ọ̀nà yìí mú fún mi. Òǹgbẹ ń gbẹ mí. Bí mo bá mu omi yìí tán tí o ṣì dì í mú, mo gbà pé tuntun ni."

Ọ̀kẹ́rẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì di gílóòbù mú, ó ṣeyín. Erin ki ọwọ́jà bọ inú ìkòkò omi. Ó mu, ó sinmi. Ó béèrè àlàáfíà ìyàwó Àgbò. Ó tún mu. Ìrù Ọ̀kẹ́rẹ́ nà ró.

"Bàbá, ẹ ò ṣe tètè mu ún?"

"Ọmọ mi, a kì í kánjú mumi, kó má baà pin ni lẹ́mìí."

"Yéè! Ọwọ́ mi o! Wọ́n wà nínú ihò mi! Abẹ́ ewé ni mo kó wọn sí, mo ní kí wọ́n pọ́n!"

Ẹ̀rín pa wọ́n débi pé Ewúrẹ́ jókòó sílẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ Ọ̀kẹ́rẹ́ ti lé ròrò. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé títí dòní, bí ẹ bá rí i tó jókòó, ọwọ́ méjèèjì ni yóò ká mọ́ àyà. Wọ́n lé e jáde nílé ìtajà, kò sì kúrò lórí igi rẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Wọ́n lọ kó gílóòbù dé, wọ́n sì ń pààrọ̀ wọn láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń wọlé, bẹ́ẹ̀ ni ìkérora ẹ́ńjìnnì ń dínkù. Ó wá ku ti ṣọ́ọ̀bù Adìẹ nìkan. Ewúrẹ́ gun àkàbà, ó bá Ọmọ́ńlé tó dúró síwájú ẹyin rẹ̀.

"Ẹ ṣe ohun tó yẹ," ni Ọmọ́ńlé wí, omi ń dà lójú rẹ̀. "Èyí tó ń gbóná yìí máa jólé. Ẹ kàn jẹ́ kí n dúró tì wọ́n."

Ọwọ́ Ewúrẹ́ kò gbé e. Adìẹ wúkọ́ díẹ̀.

"Ọmọ́ńlé, ta ló sọ fún ọ pé gílóòbù ló ń sàba?"

Ó fò sórí pẹpẹ tó ga jù, ó sún mọ́ kọ̀rọ̀ yẹn, ó tú ìyẹ́ àyà rẹ̀ sílẹ̀, ó sì rọra fi bo ẹyin méjèèjì mọ́ ògiri. Ọmọ́ńlé fà sẹ́yìn.

"Sún mọ́bí. Ìwọ lo gba ọjà mi sílẹ̀. Ẹnu tí mo fi ń ṣá irú yín jẹ, mo ti pa á dé lórí tìrẹ."

"Ìyá Alánkàrá, ṣé ẹ ò ní..."

"Ẹyin tèmi náà ti bàjẹ́ rí. Mo mọ bó ṣe ń dunni. Wọlé, jàre."

Ọmọ́ńlé wọ abẹ́ ìyẹ́. Ewúrẹ́ yọ ògbólógbòó gílóòbù, ó fi tuntun sí i.

Ẹ ò rí Adìẹ lásìkò yẹn! Orí pẹpẹ ló ti ń tajà. Bí oníbàárà bá dé, á ní, "Ẹ bá mi gbé e wò fúnra yín o, ọmọ wà lẹ́sẹ̀ mi." Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí iná tàn, tí ẹ́ńjìnnì ń kùn jẹ́jẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé, nǹkan ta Adìẹ lábẹ́ àyà. Ó gbé ìyẹ́ sókè. Èèpo kan ti là. Orí bíńtín kan yọ, ó ń wo iná. Kò pẹ́, ìkejì náà là. Adìẹ ló fi ohùn rara ké jáde sí gbogbo ilé pé, "Ẹ wá o! Ẹ wá wò ó! A bímọ!"

Ìdí àlọ́ mi rèé. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹni tó bá kó ìmọ́lẹ̀ gbogbo ìlú pa mọ́ fún ara rẹ̀ nìkan, inú òkùnkùn ni yóò jókòó tì í. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin baba, èyí tó kù jẹ́ tiwa: ibi tí a bá dákẹ́ sí nítorí ọmọ, ara ọmọ náà ló kọ́kọ́ ń jó.