Oyin Àpáta Àjíún

Àwọn tó wà nídìí àpáta oyin ni Àjíún opó, àti Ládiméjì, àbúrò ọkọ rẹ̀. Oyin inú àpáta náà ń pani bí ọtí. Wọ́n ní ẹni tó bá lá a yóò rí ẹni rẹ̀ tó ti kú. Àáké ọkọ Àjíún nìkan ló ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́, òun ló sì fi ń la àpáta.

"Ìyàwó, ẹnu àáké ẹ̀gbọ́n mi á kán o!"

"Ọkọ mi kékeré, ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

Ẹnu àáké kán lóòótọ́, irin rẹ̀ sì bọ́ kúrò lára igi. Àjíún lá oyin, òyì kọ́ ọ, ọkọ rẹ̀ sì dé tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Àjíún, àáké mi dà?"

Àjíún na àáké náà sí i. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, igi àáké nìkan ló dì mú.

Ìbíyẹmí ọmọ ọmọ mi, èmi ni Àjíún náà, irin àáké ọ̀hún ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi. Má pọ́n ọn, bó ṣe kán ni n ó ṣe dá a padà fún ọkọ mi.