Bí Oríkì Alágbẹ̀dẹ Ṣe Bọ́ Sórí Ọmọ Ọdẹ

Ní ìlú Òkè-Àgbọn, Ìyá Ọ̀jẹ́wùmí ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè bí wọ́n bá fẹ́ kí orí ẹnìkan wú. Kò sí agbolé tí oríkì rẹ̀ kò sí lẹ́nu ìyá náà. Ṣùgbọ́n ogbó dé, ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í há, ẹ̀rù sì ń bà á pé bí òun bá dákẹ́, oríkì ìlú dákẹ́ nìyẹn. Ọmọ ọmọ rẹ̀, Ọ̀jẹ́lékè, tó ń fi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà jẹun, ní kí ó fọkàn balẹ̀. Ó gba ohùn ìyá sílẹ̀, ó so oríkì kọ̀ọ̀kan mọ́ orúkọ ẹni tó ni ín. Ẹ sáà tẹ orúkọ yín, kọ̀ǹpútà á kì yín. Inú ìyá dùn kọjá sísọ.

Ó wá ku bí oríkì yóò ṣe dé orí fóònù àwọn ará ìlú. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í gbé ilé rìnrìn àjò. Ẹrù inú rẹ̀ là ń dì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà: a ó kó o palẹ̀, a ó dì í, ibi tó bá gúnlẹ̀ sí ni wọn yóò ti tú u tò padà. Ọ̀jẹ́lékè kánjú. Ó di gbogbo orúkọ sẹ́rù kan, ó di gbogbo oríkì sẹ́rù kejì, ó ní bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara wọn ni wọn yóò ṣe pàdé lọ́hùn-ún. Àṣé fóònù ní ètò tirẹ̀. Bí ó ti tú ẹrù orúkọ, bí lẹ́tà a-b-d ṣe tẹ̀lé ara wọn ló fi tò wọ́n, kò sì fọwọ́ kan ẹrù oríkì rárá.

Olóyè Ọdẹ́wálé ló kọ́kọ́ dán an wò, níwájú ìdílé rẹ̀. Ìran ọdẹ ni wọ́n. Ó tẹ orúkọ rẹ̀, ó jókòó dáadáa, ó ń retí ẹkùn àti àgbọ̀nrín. Ohùn ìyá dáhùn láti inú fóònù pé, "Ọmọ afinná-rọkọ́, ọmọ arọkọ́-bọ́-ìlú."

Ọdẹ́wálé gba ọ̀dọ̀ ìyá lọ. "Ẹ kú ilé o, ìyá wa. Ìgbà wo ni baba mi di alágbẹ̀dẹ? Ẹ̀yin lẹ kì mí lọ́jọ́ tí mo joyè, ẹ ò ṣì í. Àbí ara ò yá ni?"

"Ara mi dá, Olóyè," ni ìyá wí. Ìgbà tí Olóyè lọ tán ni omi tó bọ́ lójú rẹ̀. "Ọ̀jẹ́lékè, wọ́n á ní mo ti ń ṣarán. Gbogbo ohun tí mo fi ayé mi ṣe rèé."

Ojú ti Ọ̀jẹ́lékè gan-an. "Ẹ má bínú, ìyá mi. Ọwọ́ mi ló ṣì í, kì í ṣe ẹnu yín."

Ó tún iṣẹ́ náà ṣe. Kó tó di ẹrù rárá, ó mú orúkọ kan, ó dè é pọ̀ mọ́ oríkì tirẹ̀, ó mú òmíràn, títí wọ́n fi tán. Lẹ́yìn náà ló wá dì wọ́n sínú ẹrù kan ṣoṣo. Kí fóònù máa tò wọ́n bó ṣe wù ú; ibi tí orúkọ bá bọ́ sí, oríkì rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀.

Ó tọ Olóyè lọ, ó dọ̀bálẹ̀, ó jẹ́wọ́, ó sì tẹ orúkọ náà. "Ọmọ atọpasẹ̀-ẹkùn, ọmọ ajẹran-inú-igbó-má-bẹ̀rù." Orí Ọdẹ́wálé wú. Ó dìde, ó lọ bá ìyá nílé, ó sì wí lójú gbogbo agbolé pé, "Ẹnu yín kò ṣì, ìyá wa. Ọmọ yín ló di ẹrù wa ní ìdìkudì." Ìyá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà Òkè-Àgbọn, bí wọ́n bá rí ẹni tó ń ya ohun tó jọ ń rìn sọ́tọ̀, ti ń kìlọ̀ fún un pé: ẹni tó di orúkọ lọ́tọ̀, tó di oríkì lọ́tọ̀, orí olórí ni yóò kì.