Ìdí Tí Ilé Àdàbà Kò Fi Ní Ògiri

Nígbà tí ayé ṣì tutù, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ pé ẹyẹ kan ń ké bí ẹni tó ń sunkún, Àdàbà ni ọ̀gá kọ́lékọ́lé fún gbogbo ẹyẹ. Ilé tó bá kọ́, atẹ́gùn kì í gbé e. Ògiri rẹ̀ nípọn, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì kọjú sókè.

Ṣùgbọ́n Ejò mọ ilé náà bí ẹni mowó. Bákan náà ni gbogbo ilé tí Àdàbà ń kọ́ rí. Ọdún mẹ́ta ni Àdàbà fi yé ẹyin, ọdún mẹ́ta náà ni Ejò fi kó o jẹ. Lọ́dún kẹrin, àsìkò àtiyé ẹyin tún ń sún mọ́lé, ẹ̀rù sì ń bà á.

Ó pe olórí òṣìṣẹ́ rẹ̀, Baba Àkàlà.

"Baba, ojú wa ti mọ́ iṣẹ́ yìí jù. Ẹ jẹ́ ká gba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé-ẹ̀kọ́, tí wọn kò kọ́lé kankan rí. Bóyá wọ́n á rí ohun tí àwa ò rí."

Àkàlà rẹ́rìn-ín. "Ẹni tí kò gbé koríko rí? Ó dáa o. Ẹ̀yin lọ̀gá."

Wọ́n gba mẹ́fà. Ewé ẹ̀rí tí wọ́n gbà nílé-ẹ̀kọ́ ṣì tutù lẹ́nu wọn. Ẹ̀gà ló kéré jù, òun náà ló lẹ́nu jù. Ọjọ́ tó dé gan-an ló ti bèèrè:

"Màmá, kí ló dé tí ilẹ̀kùn fi ń wòkè? Ṣé Ejò là ń pè wọlé ni? Ẹ jẹ́ ká so ilé rọ̀ sórí imọ̀ ọ̀pẹ, kí ẹnu ọ̀nà wà nísàlẹ̀."

"Ẹyin ńkọ́, ọmọ àná?" ni Àkàlà wí. "Ṣé ìwọ lo máa dúró nísàlẹ̀ tí wàá máa hán an?"

"Baba, a ó ṣe àpò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ lẹyin máa wà."

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ọ̀rọ̀ náà wọ Àdàbà lára, ṣùgbọ́n ojú àwọn àgbà ń tì í. Ó ní, "Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ rẹ dára. Ẹ kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń ṣe é níbí ná. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré."

Ẹ gbọ́ nǹkan. Nítorí pé wọn kò mọ̀ ló ṣe gbà wọ́n. Òun náà ló tún fi wọ́n sábẹ́ Àkàlà kí wọ́n lè mọ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, márùn-ún ti ń kọ́lé bí Àkàlà. Wọ́n tilẹ̀ ń wúkọ́ bíi tirẹ̀. Ẹ̀gà nìkan ni kò gbà, ni wọ́n bá ní kó máa ru koríko. Ó rù ú títí ọrùn rẹ̀ fi bó. Ó tọ Àdàbà lọ.

"Màmá, ẹ gbà mí kí n lè máa wo nǹkan. Mo wò ó, mo sọ ọ́. Ẹ wá sọ mí di aláàárù."

"Ṣe sùúrù. Bí mo bá yé ẹyin yìí tán, a ó dán tìrẹ wò."

"Ẹyin yìí gan-an ni mò ń tìtorí ẹ̀ sọ̀rọ̀, Màmá."

Ẹ̀gà fò lọ.

Àwọn márùn-ún yòókù kọ́ ilé Àdàbà. Ó dán, ó gún régé. Àdàbà yé ẹyin méjì síbẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó lọ mu omi lódò. Nígbà tó dé, Ejò ló bá nínú ilé, ikùn rẹ̀ wú.

"Ọ̀gá, ẹ kú àbọ̀ o," ni Ejò wí. "Àwọn ọmọ tuntun yín mọṣẹ́. N ò ṣìnà rárá."

Àdàbà ṣáà ń fò kiri, kò mọ ibi tó ń lọ. Ó rí ilé kan tó rọ̀ lórí ọ̀pẹ etídò, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ejò tẹ̀ lé e dé ibẹ̀, ó sì fẹ́ wọ ilé náà. Ó yọ̀, ó já bọ́ sómi. Ẹ̀gà yọrí.

"Màmá, ẹ máa bọ̀. Ààyè wà."

Àdàbà gbìyànjú. Àyà rẹ̀ tóbi ju ilẹ̀kùn náà lọ.

Láti ọjọ́ náà ni Àdàbà kò ti kọ́ ilé kan parí mọ́. Á to igi wẹ́wẹ́ bíi mélòó kan, á rántí pé Ejò mọ irú ilé bẹ́ẹ̀, ọkàn rẹ̀ á sì kọ̀ láti mọ ògiri sí i. Bí o bá dúró nísàlẹ̀, o lè rí ẹyin rẹ̀ láàárín àwọn igi náà. Ilé Ẹ̀gà ń fì lórí ọ̀pẹ, àwọn Ẹ̀gà ń sọ̀rọ̀ pọ̀, kò sí ẹni tó ń ní kí wọ́n dákẹ́. Lọ́sàn-án gangan, nígbà tí gbogbo ẹyẹ bá sinmi, wàá gbọ́ Àdàbà níbi tó dá wà, tó ń ké ohùn kan ṣoṣo léraléra, bí ẹni tó ń pe òṣìṣẹ́ tó ti lọ.